Ọlágòkè, Ẹni Tí Ó Ń Dúpẹ́ Oore Àná ní Ilé Dókítà

Ní gbogbo àdúgbò Village ní Dagenham, ní ìlà-oòrùn London, a kò tíì rí ẹni tí ó mọ bí a ti ń dúpẹ́ tó Ọlágòkè. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ní Dagenham Dock ni ó ti lo agbára ọkùnrin rẹ̀, tí ó ń kó ẹrù láti etí odò lọ sí oríṣiríṣi ìlú, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyá rẹ̀ ni ó fi òwe kan sí i létí nígbà èwe, pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ òwe náà, wọ́n sì fi í sí ibi tí à ń fi òwe sí. Ọlágòkè gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ di òfin.

Bí ènìyàn bá fi mọ́tò gbé e láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Barking wá sí ilé ní ọjọ́ Àìkú, kí onítọ̀hún má ṣe rò pé "ẹ ṣé" tí ó sọ nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni òpin ọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù yóò dún: "A dúpẹ́ àná o." Bí wọ́n bá tún pàdé ní ọjà East Street láàárín ọ̀sẹ̀, yóò ṣí fìlà: "Ẹ ṣé ti ijọ́sí." Ní ìgbà kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan rí i tí ó ń sáré bọ̀ lókèèrè, ó sì dúró dè é. Ní ọjọ́ kejì, Ọlágòkè lọ sí ibùdókọ̀ náà, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kan tẹ̀lé òmíràn kọjá, títí awakọ̀ àná fi dé. Ó gòkè, ó dúpẹ́, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò sí ibi tí ó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, Oyèyẹmí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Wúrà, a máa sọ pé bí òun bá gbé oúnjẹ fún ọkọ òun ní alẹ́, òun kì í lè sùn dáadáa, nítorí òun mọ̀ pé ọpẹ́ ń bọ̀ wá jí òun ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ìwà yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi ìgbà tí ikọ́ dé.

Ikọ́ gbígbẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù, ó sì kọ̀ láti bá òtútù lọ. Bí ó bá dé sí i nígbà tí wọ́n ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ń kàwé a dákẹ́, a sì dúró dè é, bí ẹni tí ó dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Aládùúrà ni wọ́n, wọn kò sì fi àdúrà ṣeré: ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n fún un ní omi tí a gbàdúrà sí. Oyèyẹmí fi oyin àti orógbó tẹ̀lé e. Ikọ́ náà gba gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò tí a ń ṣe lálejò dáadáa, kò sì múra láti lọ.

Dókítà tí ó lé e jáde ni Kúnmi, ọmọbìnrin Yorùbá tí a bí sí London níbẹ̀, tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀", "pẹ̀lẹ́" àti orúkọ oúnjẹ. Dókítà yìí kò sáré kọ oògùn ikọ́. Ó bi Ọlágòkè léèrè ìgbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó tún bi í léèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un. A rí i pé ikọ́ àti oògùn jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Kúnmi ní àwọn kan wà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń fún ní ikọ́, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́, ikọ́ náà jáde lọ láìdágbére.

Inú ìdùnnú yìí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọlágòkè fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé a kì í fo ọwọ́ tí Ọlọ́run lò kọjá. Ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn tí ojú rí, irọ́ ni ó lọ ń pa níwájú Ẹni tí ojú kò rí. Ó ní láti kọ́kọ́ fi ojú kan Kúnmi. Oyèyẹmí ní kí ó ra káàdì kan kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí i.

"Ìyá Wúrà, ṣé káàdì ni ó wo ikọ́ mi?"

Ilé dókítà náà kì í ṣe ibi tí a ń yà sí bí ẹni ń yà kí ará ilé. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí fóònù. Gbogbo àdúgbò, nínú aṣọ oorun, ni yóò ti dúró ti fóònù wọn bí àwọn tí ó fẹ́ sá eré ìje. Ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀ yóò gbọ́ orin, orin kan ṣoṣo náà, títí eyín yóò fi máa ro ó. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sọ fún un pé àyè ti ọjọ́ náà ti tán, kí ó tún pè lọ́la. Rosemary ni orúkọ obìnrin tí ó ń gba fóònù náà. Òyìnbó ni, ó ti pẹ́ ní ìdí iṣẹ́ yìí ju gbogbo àwọn dókítà ibẹ̀ lọ, ó sì máa ń pe gbogbo ènìyàn ní "ìfẹ́ mi", ì báà jẹ́ pé ó ń fún wọn láyè tàbí pé ó ń lé wọn padà. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ pe Ọlágòkè bẹ́ẹ̀, Ọlágòkè yára sọ fún ìyàwó rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà sọ fún un ṣáájú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọlágòkè pè. Orin náà kọ fún un dáadáa. Nígbà tí Rosemary dáhùn, ó béèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ọlágòkè kì í purọ́; ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ fún dókítà fúnra rẹ̀ ni. Rosemary rẹ ohùn sílẹ̀. Ó mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ sọ lórí fóònù, ó sì mọ ibi tí ó sábà máa ń wà ní ara wọn. Ó ní kí ó má tijú, kí ó máa bọ̀. Ó ní orí rẹ̀ dára, nítorí àyè tí ó kù kẹ́yìn ní ọjọ́ náà ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọlágòkè gbà pé àmì láti ọ̀run ni.

Ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ tí ó dára jù, ó di gàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá, ó sì wọlé tọ Kúnmi lọ. Ó ṣí fìlà. Ó dúpẹ́ ti ikọ́, ó dúpẹ́ ti oorun tí ó padà sí ojú Oyèyẹmí, ó gbàdúrà fún àwọn òbí tí ó bí dókítà, ó sì gbé gàrí kalẹ̀. Kúnmi rẹ́rìn-ín, ó ṣe àmín, ó sì ń dúró. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ pé àgbà ọkùnrin kì í sọ ohun tí ó gbé e wá títí yóò fi di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Ọlágòkè di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Kúnmi bi í bóyá ohun mìíràn wà. Ó ní kò sí. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó lọ. Kúnmi jókòó, ó ń wo gàrí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ọlágòkè tún pè ní agogo mẹ́jọ. Oyèyẹmí, tí ó ń po tíì, bi í léèrè ohun tí ó tún kù.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni ó wí. "Ọmọ yẹn gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ lánàá, ó sì ṣe àmín sí àdúrà mi. Ṣé kí n jẹ́ kí oore bẹ́ẹ̀ lọ lásán ni?"

"Bàbá Wúrà, àṣejù ni baba àṣetẹ́."

Rosemary ti dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó tún fún un ní àyè tí ó kù kẹ́yìn, ó sì fi àánú pè é ní ìfẹ́ òun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní ọjọ́ yìí, Kúnmi kò jẹ́ kí ó dúpẹ́ tán. Ó rọra bi í bóyá ó rántí pé òun ti wá ní àná. Ọlágòkè ní ohun tí ó gbé òun wá gan-an nìyẹn. Dókítà bi í léèrè ọjọ́ tí a wà, oṣù tí a wà, àti àwọn tí ó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí ó ya ojú agogo kan, bí àwọn dókítà ti ń dán ìrántí àgbà wò, kí ó sì fi ọwọ́ agogo sí ibi tí ó bá wù ú. Ọlágòkè ya agogo tí ó rẹwà, ó fi í sí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ó rò pé dókítà ń dán ọpẹ́ òun wò ni, bóyá ó ti inú ọkàn wá. Ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ó ń gba oyè alàgbà. Nígbà tí ó parí, Kúnmi sọ fún un pé òun yóò ní kí Rosemary fún un ní àyè gígùn ní ọjọ́ Ajé, kí ó mú ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ dání. Ọlágòkè padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ó sọ fún Oyèyẹmí pé dókítà gbádùn ọpẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí òun wá fi kún un.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akínrẹ̀mí, tí ó ń ṣọ́ ilé ẹrù kan ní Dagenham Dock. Àbúrò ni Akínrẹ̀mí jẹ́ sí i ní ọjọ́ orí, wọ́n sì ti mọ ara wọn láti ìgbà tí Ọlágòkè ń wa ọkọ̀. Àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé aṣọ funfun wọ̀, nítorí náà kò sí ibi tí Akínrẹ̀mí lè fi ẹsẹ̀ pamọ́ sí. Ọlágòkè rí àkísà tí ó wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé àwọ̀ ara tí ó yọ lábẹ́ àkísà náà kì í ṣe àwọ̀ Akínrẹ̀mí.

"Kí ni ó ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Egbò kékeré ni, Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́. Bàtà iṣẹ́ ni ó họ ọ́. Kò tilẹ̀ dùn mí rárá."

Akínrẹ̀mí ní àtọ̀gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, Ọlágòkè sì mọ̀. Ó bi í bóyá ó ti fi han dókítà. Ìbéèrè yìí ni ó ṣí ìdérí ìkòkò. Akínrẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé dókítà náà láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun pè, ẹ̀ẹ̀mejì náà sì ni Rosemary sọ fún òun pé ẹnì kan tí ó ṣáájú òun ní ìṣẹ́jú náà gan-an ti gba àyè tí ó kù kẹ́yìn; ní ọjọ́ kejì, ó ní ẹni àná náà ni. Ó béèrè ohun tí ó ń ṣe òun. Òun ní egbò kékeré ni, òun dúpẹ́. Rosemary ní bí ó bá jẹ́ kékeré, kí òun lọ fi han àwọn tí ó ń ta oògùn.

Ọlágòkè kò lè gbọ́ irú ìwà ọ̀kánjúwà bẹ́ẹ̀ kí ó dákẹ́. Ó ní àìsàn kọ́ ni ó ń ṣe àwọn tí ó ń ṣáájú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àìro ti ọmọnìkejì ni. Ó ní irú wọn ni ó ba ilé dókítà jẹ́ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́.

"Ọlọ́run yóò bi í," ni ó wí.

"Àmín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sáà bá mi rò ó: kí ni ó lè máa ṣe ènìyàn tí yóò fi rí dókítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí yóò sì tún rí i ní Ọjọ́rú?"

Àmín kan ti wà ní ẹnu Ọlágòkè láti fi gbè é. Ó gbé e mì, ó sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá bí iṣu gbígbóná.

Akínrẹ̀mí ní òun kò tún ní pe ibẹ̀ mọ́. Bí ọdún bá ń parí lọ, òun yóò gbé ẹsẹ̀ òun lọ sí ilé ní Nàìjíríà. Àbúrò ìyá òun kan mọ ewé tí ó ń gbẹ egbò. Ọlágòkè wo ẹsẹ̀ náà, ó ka oṣù tí ó wà láàárín ìsinsìnyí àti ìparí ọdún, kò sì rò pé ẹsẹ̀ náà lè bá wọn dé ọ̀hún.

Nígbà tí ó dé ilé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Oyèyẹmí. Oyèyẹmí kò pariwo. Ó jókòó, ó ní, "Bàbá Wúrà, ọpẹ́ yín ti fẹ́ jẹ ọmọ ìka ọlọ́mọ." Ó ní kí ó sọ òtítọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọlágòkè ní òun yóò sọ ọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rẹ́ òun kò ti ní ráyè bínú lọ. Ó pe Akínrẹ̀mí, ó ní dókítà ní kí òun mú ẹnì kan nínú ẹbí wá ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ kò sì ní jẹ́ kí Ìyá Wúrà lè tẹ̀lé òun. Akínrẹ̀mí, tí ẹ̀rù bà nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Ó wá, ó ń tiro.

Rosemary béèrè ẹni tí ó jẹ́. Ọlágòkè ní àbúrò òun ni, kò sì purọ́ ní ọ̀nà ti àwa Yorùbá.

Bí wọ́n ti jókòó, Akínrẹ̀mí ni Kúnmi kọjú sí, ó sì fi ohùn tí a fi ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ bi í bóyá ó ti rí ìyípadà kan lára Dádì láìpẹ́ yìí. Bóyá ó máa ń ṣe ohun kan náà léraléra.

"Ó ti pẹ́, Dókítà," ni Akínrẹ̀mí wí. "Ìgbà kan wà tí wọ́n yá mi ní agboòrùn. Èmi ni ó yẹ kí n dúpẹ́. Àwọn ni wọ́n ń pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti dúpẹ́ pé mo dá a padà."

Kúnmi ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọlágòkè rí i pé àyè gígùn náà ń kúrú. Ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Dókítà, orí mi pé. Ọpẹ́ ni ó gbé mi wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọpẹ́ ni ó gbé mi wá ní Ọjọ́rú. Èmi kò mọ̀ pé orí àyè ẹlòmíràn ni mo dúró sí tí mo ń dúpẹ́. Ẹni tí mo gba àyè rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ìṣẹ́jú yòókù di tirẹ̀. Akínrẹ̀mí, bọ́ bàtà rẹ."

Akínrẹ̀mí kò bọ́ bàtà. Ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ tún bá mi gbé e ṣépè?"

"Láti àná ni mo ti ń retí èpè náà. Bọ́ bàtà."

Kúnmi ti ń ṣàlàyé pé ẹnì kan ni ó ni àyè kan, pé kí bàbá yìí lọ gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ Rosemary. Ṣùgbọ́n bàtà ti kúrò, àkísà ti ṣí, ọ̀rọ̀ sì dá dúró ní ẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ náà. Ó tẹ ọmọ ìka náà.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá, a dúpẹ́."

"Ìyẹn kọ́ ni kí ẹ dúpẹ́ fún," ni Kúnmi wí, ó sì na ọwọ́ mú fóònù.

Ó ṣàlàyé fún un pé àtọ̀gbẹ ni ó ti pa ìrora ẹsẹ̀ náà, pé egbò tí kò dun ni mọ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ni. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba Akínrẹ̀mí sí ọsibítù. Wọ́n gé ohun tí ó ti kú kúrò nínú egbò, wọ́n ń fa oògùn sí i lára, wọ́n sì gba ọmọ ìka náà là. Dókítà ọsibítù sọ fún un pé bí ó bá ti dúró di ìparí ọdún, bóyá ọ̀pá ni ì bá fi rìn wọ bàálù. Ọlágòkè ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Akínrẹ̀mí fi ọjọ́ mélòó kan bínú sí i, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti máa bínú sí ẹni tí ó ń gbé ọbẹ̀ wá fún ni, tí ó sì ń dúpẹ́ pé a jẹ ẹ́.

Nígbà tí ó padà sílé, Ọlágòkè lọ kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Ó bá a ní orí àga, fóònù ní ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sí agogo tí ó fẹ́ lu mẹ́jọ. Ó béèrè ẹni tí ó fẹ́ pè.

"Dókítà ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ yẹn gba ẹsẹ̀ mi là. N kò lè máa fi ẹsẹ̀ náà rìn kiri láìdúpẹ́."

"Gbé fóònù sílẹ̀."

"Ẹ̀yin ni ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbé e sílẹ̀, Akínrẹ̀mí. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ."

Akínrẹ̀mí gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo agogo títí wákàtí náà fi kọjá, bí ènìyàn ṣe ń jẹ́ kí àgbàrá ṣàn kọjá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé dókítà, wọ́n lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní iwájú rẹ̀, nínú aṣọ tí ó dára. Dídúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kúnmi jáde, ó rẹ̀ ẹ́, àpò wà ní èjìká rẹ̀. Fìlà méjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpẹ́ náà kúrú, nítorí atẹ́gùn tutù. Kúnmi wo ẹsẹ̀ Akínrẹ̀mí, ó béèrè bí egbò ti ń jiná sí, ó sì sọ fún Ọlágòkè pé òun ti pa ọ̀rọ̀ agogo tí ó yà rẹ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ó ní gàrí ijọ́sí dára púpọ̀; ìyá òun ni ó gbà á lọ́wọ́ òun.

Rosemary ni ó jáde tẹ̀lé e, tí ó ń wá kọ́kọ́rọ́ láti fi ti ìlẹ̀kùn. Ọlágòkè ti fẹ́ dé fìlà padà. Ó rántí ẹni tí ó rẹ ohùn sílẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ojú má baà tì í. Ó yípadà sí i, ó sì tún ọpẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Rosemary dúró. Kò pè é ní ìfẹ́ òun. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, Akínrẹ̀mí bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ Ajé láti dúpẹ́ pé àwọn obìnrin méjèèjì dúró fetí sílẹ̀ nínú òtútù.

Ọlágòkè ronú sí i títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ó ní kò pọn dandan; kí wọ́n jẹ́ kí ó kù sí ọwọ́ Ọlọ́run, àwọn méjèèjì yóò sì gbé e lọ sí ibi pẹpẹ ní ọjọ́ Àìkú, ní ẹsẹ̀ lásán. Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn yìí. Ó gòkè wọ bọ́ọ̀sì, ó wo ojú awakọ̀ dáadáa, ó dá a mọ̀, ó sì ṣí fìlà.

"Ẹ ṣé o," ni ó wí fún un. "Ẹ ṣé ti ijọ́sí."